Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Ooru Inú Kọ̀ǹpútà àti Ìwé Owó Wa

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, àríyànjiyàn ni a bá níbẹ̀. Ìpàdé gbogbogbòò ku ọjọ́ mẹ́ta, akápò kò sì rí ìwé owó mú jáde. Bí ó bá ti tan kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ sì wọra, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé akápò ti jẹ owó ẹgbẹ́. A ní kí wọ́n ṣí àpótí ẹ̀rọ. Ọ̀rá pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ irin ìfa-ooru tuntun, ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò bó o kúrò! Akápò kò jalè, ooru ni.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Irin ìfa-ooru, tí a fi alumíníọ̀mù tàbí bàbà ṣe, ní abẹ́ pẹlẹbẹ púpọ̀ tí ń tan ooru ká, bí a ti ń da ògì gbígbóná sínú àwo fífẹ̀ kí ó lè tètè tutù. Fáànù ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí irin ti wù kí ó dán tó, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń há sí, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru dáadáa. Pẹ́ẹ̀sìtì ni a fi ń dí ihò wọ̀nyí.

Bí a ti ń ṣe é:

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé owó pamọ́ síbòmíràn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí tí kò ní ọ̀dà, kí iná ara yín má bà á jẹ́.

2. Ẹ tú irin àtijọ́. Ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá fà á lójijì, ọpọlọ lè bá a jáde.

3. Ẹ fi ọtí isopropyl àti aṣọ tí kì í tú fọ́nrán nu pẹ́ẹ̀sìtì àtijọ́ kúrò pátápátá.

4. Ẹ bó ọ̀rá abẹ́ irin tuntun. Bí wọn kò bá ti fi pẹ́ẹ̀sìtì sí i, ẹ kán ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín ọpọlọ.

5. Ẹ gbé irin lé e gbọọrọ. Bí síkúrù bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ yí wọn díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

6. Ẹ so wáyà fáànù mọ́ ibi tí a kọ CPU_FAN sí. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì rí i pé fáànù ń yí.

Ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dá, akápò sì ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: (a) Kí ni iṣẹ́ pẹ́ẹ̀sìtì? (b) Ta ni ó ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ yín? (d) Kí ni ó yẹ kí a ṣe kí a tó fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́?