Ìfẹ̀yìntì Kì í Ṣe Ìfọwọ́lẹ́rán

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, nígbà tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a rò pé ọmọ-ọmọ àti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù fún wa. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ dànù lójú wa. A sunkún, a ké, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a lè ṣe. Ojú tì wá.

Ìdí nìyẹn tí a fi wọ ẹgbẹ́ Special Marshal, àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn lábẹ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ kọ́ nǹkan mẹ́ta:

1. Kí a kìlọ̀ fún ọkọ̀ tí ń bọ̀, kí ìjàǹbá kejì má baà ṣẹlẹ̀. Kí a sì pe 122.

2. Bí kò bá sí iná tàbí ewu mìíràn, kí a má ṣe fa ẹni tí ó farapa. Ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́.

3. Kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Kí a má ṣe fún un ní omi mu.

Agbára wa ti dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gèlè orí wa lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ìbéèrè: Bí ọkọ̀ bá dànù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, ta ni nínú wa ni yóò mọ ohun tí yóò ṣe?