Ẹ Jọ Lọ, Àmọ́ Kí Kálukú Di Orúkọ Rẹ̀ Mú

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbájọ tí ẹ ti gba lẹ́tà yunifásítì, tí ẹ fẹ́ lọ fi ọdún kan ka másítà ní Ìlú Ọba, mo rí i pé ẹ kì í fẹ́ dá nìkan lọ mọ́. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ṣe girama, tí wọ́n jọ ṣe àgùnbánirọ̀, ni wọ́n ń jọ di ẹrù báyìí. N kò bá yín wí sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ọ̀hún ti sọ pé ẹni tó ń bọ̀ wá ka irú másítà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Bí aya kò bá lè báni lọ, ta ló kù bí kò ṣe ọ̀rẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti rí oyé lórí òkè wa níbí lè rò pé ẹ mọ òtútù. Ẹ dúró di oṣù Ọ̀pẹ, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn bi yín pé ṣé ẹ ti jẹun, ọlá ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ jẹ, ẹ jọ mu, ẹ yá ara yín ní aṣọ òtútù àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yá ara yín ní orúkọ.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òfin físà gba ẹni tó ń ka másítà láàyè láti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, kò gbọdọ̀ lé. Ọ̀kan nínú yín ti lo 20 tirẹ̀ tán lọ́jọ́ Jímọ̀, owó ilé sì ń bọ̀. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ òru Sátidé. Ó yíjú sí èkejì tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ tí ibà dá dúbúlẹ̀: “Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ lọ. Owó á wọ àkáǹtì rẹ, wàá fún mi.” Ó jọ oore. Ó tilẹ̀ jọ ìfẹ́.

Ó di aago mẹ́ta òru. Ìyá arúgbó kan yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń lọ tọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Wọ́n ṣí ìwé iṣẹ́ wò. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí nílé, tí kò tilẹ̀ mọ yàrá tí ìyá náà ń sùn. Òun ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ó ti dáràn rí. Ẹni tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì ìyá yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa wá ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé ọ̀rẹ́ ni yín. Àwọn méjèèjì ni ọ̀ràn náà máa kó, físà méjèèjì ló sì wà nínú ewu, nítorí òru ọjọ́ kan.

Orúkọ inú báńkì náà ńkọ́? Ìjọba ọ̀hún fẹ́ rí i pé owó ilé-ìwé tó kù àti owó ìgbọ́bùkátà ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, kó má dín lọ́jọ́ kan. Àwọn kan máa ń yá owó yìí. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ọjọ́ 28 pé, olówó kó owó rẹ̀, ọmọ wọ bàálù pẹ̀lú ìrètí pé ọ̀rẹ́ òun ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbọ́ o: kí á má fi oko kòkó dógò torí pé ọ̀rẹ́ ọmọ ẹni ti gba físà. Ẹ rántí pé náírà kì í dúró lójú kan: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,400. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìròyìn gbé e pé wọ́n yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan lórúkọ ní Yunifásítì Teesside, nílùú Middlesbrough, nítorí owó ilé-ìwé tí wọn kò rí san nígbà tí náírà já wálẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi Ìlú Ọba sílẹ̀. Ọmọ ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Àmọ́ ilé-ìwé tó gba kálukú ni físà kálukú rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, èkejì kò lè ṣí agbádá tirẹ̀ bò ó.

Ibi tí orúkọ yín méjèèjì ti máa pàdé, tí kò sì burú, ni ìwé ilé. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ohun tí òfin wọn sọ ni pé onílé lè gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Kì í ṣe ìdajì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ríṣẹ́ sí Manchester tó sì kó lọ lóṣù kẹrin, ìwọ tó kù ni onílé yóò kọjú sí. Bí ẹ bá rí ilé tí kálukú ti lè fọwọ́ sí ìwé yàrá tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà, kódà kó fi díẹ̀ wọ́n.

Ẹ sì kọ àdéhùn láàárín ara yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó dà bí àìgbẹ́kẹ̀lé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ẹnu ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ti jà á: Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1886, tí àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ń gbé ìwé àlàáfíà lọ tí wọ́n ń gbé e bọ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú tó bá wù láti lọ bá Èkìtì Parapọ̀, kí ó máa lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kúrò sílẹ̀ di ọjọ́ tó bá fẹ́ kúrò. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́: ta ló san owó ìdógò ilé, èló, bí ẹnì kan bá ń lọ, ìkìlọ̀ oṣù mélòó ni yóò fún èkejì.

Ti àwọn ìyá yín nílé ńkọ́? Bí ọ̀kan bá fi owó ránṣẹ́ lóṣù kejì, ìyá èkejì yóò gbọ́ lọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Yóò wá pè: “Ṣebí ẹ jọ lọ ni?” Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti ìyá méjèèjì, kí ẹ ṣàlàyé pé iṣẹ́ yín kò ní rí bákan náà, owó yín kò sì ní rí bákan náà. Ẹ má ròyìn ara yín sílé. Kí kálukú sọ tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo kò sì tó ìlú gbé. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ará Abẹ́òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Ní 1933 wọ́n ní ilé tiwọn ní Camden, tí akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ lè sùn sí nígbà tí àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí ẹni kẹta wà tí ẹ lè fẹjọ́ ara yín sùn.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí másítà bá parí, ọ̀kan lè fẹ́ dúró ṣiṣẹ́, kí èkejì fẹ́ máa bọ̀ nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èkejì já òun kulẹ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá onílé, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilé, kó gba ìpín tirẹ̀ nínú owó ìdógò, kó tó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.