Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Ríra Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ gbọọrọ, tí ó la ọ̀nà sí i, tí ó gé e sí pulọ́ọ̀tì, tí ó sì tà á, òwò ni ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ owó báńkì ni ó fi ń ṣe é, kí ó rántí pé ènìyàn a máa sùn, ṣùgbọ́n èlé kì í sùn. Nítorí èyí ni a fi ń lo kọ̀ǹpútà lónìí láti mọ̀ ṣáájú bóyá òwò ilẹ̀ yóò mú èrè wá.

Ní àtijọ́, inú ìwé ńlá ni àwọn oníṣirò ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí iye kan ṣoṣo bá yí padà, wọn a pa gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e rẹ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ọdún 1979, Dan Bricklin àti Bob Frankston, ará Amẹ́ríkà, gbé VisiCalc jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Bí a bá yí iye kan padà nínú rẹ̀, gbogbo iye tí ó gbára lé e yóò yí padà lójú ẹsẹ̀. Excel, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1985, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí. Irú ARGUS Developer sì wà tí a ṣe fún òwò ilẹ̀ àti ilé nìkan.

Bí a bá wí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ ra ilẹ̀ ní mílíọ̀nù 20 náírà, tí wíwọn ilẹ̀, ọ̀nà àti ojú àgbàrá yóò gba mílíọ̀nù 30. Wọ́n yá gbogbo mílíọ̀nù 50 náà, èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 20 lórí 100 lọ́dún, èlé tí a kò san sì ń di ojú owó. Pulọ́ọ̀tì 40 ni yóò jáde, mílíọ̀nù 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù 80. Bí wọ́n bá tà á tán lópin ọdún kan, gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù 60, èrè jẹ́ 20. Bí ó bá di ọdún méjì, gbèsè di 72, èrè sì rọ̀ sí 8. Ní ọdún kẹta, gbèsè di 86.4: wọ́n ti pàdánù mílíọ̀nù 6.4. Ẹnikẹ́ni kò jalè, iye pulọ́ọ̀tì kò sì já wálẹ̀. Ọjọ́ ni ó jẹ èrè náà.

A tún lè yí ìṣirò yìí padà, ọgbọ́n tí ó níye lórí jù lọ sì nìyí. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń retí ọdún méjì, tí wọ́n sì fẹ́ èrè mílíọ̀nù 16, mílíọ̀nù 64 ni wọ́n lè san fún báńkì. Owó tí yóò di 64 lẹ́yìn ọdún méjì kò ju mílíọ̀nù 44.4 lọ lónìí. Yọ mílíọ̀nù 30 ti iṣẹ́ kúrò, ó ku 14.4. Iye tí ó yẹ kí wọ́n san fún ilẹ̀ náà nìyẹn, kì í ṣe 20 tí onílẹ̀ ń pè.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, a sì ní láti gba àṣẹ kí a tó gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ó ní ìwé ìjọba fún ẹlòmíràn. Àṣẹ náà ní owó, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà ńkọ́? Ẹjọ́ ẹbí tí ó lè dá iṣẹ́ dúró ńkọ́? Àwọn aṣojú tí ń wá ẹni tí yóò dá owó kì í sábà kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀, bí ìwé wọn tilẹ̀ dára lójú tó.

Ẹni tí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá, kí ó béèrè iye oṣù tí wọ́n kọ sí àyè títà, kí ó sì ní kí wọ́n fi oṣù 12 kún un lójú òun, kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.