Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Ìtọ́jú Ẹyin Ìgbín Nínú Ilé Títí Yóò Fi Pa

Ìgbín inú igbó kò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Bí a ti ń gé igbó, tí a ń sun ún, tí a sì ń fọ́n oògùn sí oko, bẹ́ẹ̀ ni ìgbín ń dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á lọ́dọọdún, àfi kí ó sìn ín nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ owó ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tọ́jú ẹyin ìgbín kan ṣoṣo títí yóò fi pa. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n.

Ìgbín ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata a máa yé ẹyin bíi 4 sí 18 lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin náà tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ìgbín kò ní akọ tàbí abo lọ́tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe méjèèjì, nítorí náà gbogbo èyí tó bá ti dàgbà ló lè yé. Inú ilẹ̀ ló ń yé sí, kì í sàba bí adìẹ. Ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìyá fún ẹyin náà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹyin á gbẹ. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀, ẹyin á rà.

Bí a ó ti ṣe é nìyí:

1. Ilẹ̀. Ẹ lo ilẹ̀dú tó ní yanrìn díẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ kò dára, nítorí omi kì í tètè kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má bu ilẹ̀ ibi tí wọ́n fọ́n oògùn kòkòrò sí. Ẹ yan ilẹ̀ náà lórí iná kí èèrà inú rẹ̀ lè kú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá.

2. Omi. Ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ náà, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Bí ó bá dì mọ́ra tí omi kò kán, ó dára. Bí omi bá kán, ó pọ̀jù. Bí ó bá fọ́ bí eérú, ó gbẹ jù.

3. Ẹyin. Ẹ lu ihò sí ìdí ike, kí ẹ bu ilẹ̀ náà sí i. Ẹ fi ṣíbí kó ẹyin sínú ihò tí jíjìn rẹ̀ tó ìbú ìka méjì, kí ẹ rọra bò ó. Ẹ má tẹ ilẹ̀ náà.

4. Ibùjókòó. Ẹ gbé ike náà sí abẹ́ òjìji, lórí tábìlì. Ẹ fi àwọ̀n bò ó. Ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo omi nítorí èèrà àti ìjàlọ.

5. Sùúrù. Ẹ máa fọwọ́ kan ilẹ̀ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ó bá ń gbẹ, ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi; ẹ má dà á. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ ọ gidigidi. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹyin tó pa. Ẹ má wú u wò. Ọmọ ìgbín tó bá pa yóò gbé inú ilẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò máa jẹ èèpo ẹyin rẹ̀. Bí ó bá jáde, ẹ fún un ní ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo ẹyin adìẹ tí a gún kúnná, kí ìkarahun rẹ̀ lè le. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ kàn án.

Nípa owó: ẹyin kò pẹ́ẹ́ pa, ṣùgbọ́n ìgbín náà lè lo nǹkan bí ọdún kan kí ó tó tó tà. Ẹni tó bá yá owó oṣù mẹ́ta fún un yóò san án láti inú àpò mìíràn. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó béèrè iye ẹyin tí ọmọ ẹgbẹ́ kó sílẹ̀ àti iye tó pa.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Kí ni a fi ń mọ̀ pé omi inú ilẹ̀ tó?
2. Èé ṣe tí a kò fi gbọ́dọ̀ wú ẹyin wò?
3. Oṣù mélòó ló yẹ kí ẹ̀yáwó fún sísin ìgbín jẹ́?