Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí Ojú Láptọ́ọ̀pù Bá Di Búlúù

Láptọ́ọ̀pù tó ń lo Windows lè wà lẹ́nu iṣẹ́ kí gbogbo ojú rẹ̀ ṣàdédé di búlúù. Lẹ́tà tí ènìyàn ń tẹ̀ lọ́wọ́ á pòórá, máósì kò ní gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funfun díẹ̀ á jáde, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, tí á tún tan. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má ṣẹlẹ̀ mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀, kó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà láti Ojú Ẹlẹ́gbà dé Lawanson, níbi tí oníbàárà ti ń gba ìwé rẹ̀ lórí ìdúró, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lé oníbàárà lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọ̀ yìí ti jẹ́ búlúù, àmọ́ láti ọdún 2025 ni Microsoft ti sọ ọ́ di dúdú lórí Windows 11. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Ohun kan wà tí àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú kì í tètè gbà. Ojú búlúù kọ́ ni àìsàn. Ojú búlúù ni ìròyìn àìsàn. Windows fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jáde, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e jáde ni. Apá kan wà ní gbùngbùn Windows tó ń darí gbogbo ìyókù: òun ló ń pín àyè fún iṣẹ́, òun ló ń bá dísìkì, bátìrì àti bọ́tìnnì sọ̀rọ̀. Bí apá yìí bá kan àṣìṣe tí kò lè tún ṣe, ọ̀nà méjì ló kù fún un. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú ìsọfúnni tó ti bàjẹ́, kó sì kọ ìbàjẹ́ náà sínú fáìlì onífáìlì. Ó sì lè dá gbogbo nǹkan dúró lójú ẹsẹ̀. Ìdádúró ló máa ń yàn. Awakọ̀ dánfó tó rí i pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà, tó wá yà sábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà, á gbọ́ èébú lẹ́nu èrò, ṣùgbọ́n ìdúró yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń bá ìdúró jà kò tíì béèrè ohun tó fa gbígbóná.

Ojú búlúù kọ́ ni àìsàn. Gbogbo kíláàsì ló máa ń fi ẹnu gbà á, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá di búlúù fi hàn pé ọkàn wọn kò gbà á. Ẹlòmíràn á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn, á ní ó ti dára. Kò dára. Ìròyìn ló parẹ́. Ohun tí ìròyìn náà ń sọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní fáírọ́ọ̀sì ni, á lọ gbé ètò apafáírọ́ọ̀sì láti ibi tí kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi ìṣòro kejì kún ti àkọ́kọ́. Fáírọ́ọ̀sì lè fà á lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹnjiníà, tí wọ́n á ní kó bá àwọn fọ́ọ̀màtì rẹ̀.

Fọ́ọ̀màtì ń nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì, kí wọ́n lè gbé Windows tuntun sí i. Kò sí ohun tó ń ṣe sí RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Kò sí ohun tó ń ṣe sí fáànù tí eruku ti dí. Kò sí ohun tó ń ṣe sí ṣájà ayédèrú. Bó bá jẹ́ pé Windows fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, fọ́ọ̀màtì á tún un ṣe. Bí kì í bá ṣe òun, ojú búlúù á padà wá, ṣùgbọ́n fọ́tò, àkọsílẹ̀ owó ọjà àti iṣẹ́ oníbàárà kò ní padà wá. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni fọ́ọ̀màtì, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Gbogbo ayé rí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ní aago 5:09 ìdájí, aago Èkó, ilé iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tó ń ta ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Àṣìṣe wà nínú fáìlì tó fi ránṣẹ́, ojú ẹ̀rọ tó gbà á sì di búlúù. Wọ́n dá a dúró ní aago 6:27, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù: Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló kan. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, iṣẹ́ dúró ní ilé ìwòsàn àti báǹkì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Fáírọ́ọ̀sì kọ́. RAM kọ́. Wọn kò sì ní láti fọ́ọ̀màtì. Wọ́n tan ẹ̀rọ ní ipò tí Windows ń pè ní Safe Mode, níbi tí ètò díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n yọ fáìlì tó ní àṣìṣe náà, ẹ̀rọ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè tó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé: kí ló wọ inú ẹ̀rọ wọ̀nyí kí ojú wọn tó di búlúù?

Ìròyìn tí ojú búlúù ń gbé wá ní ọ̀rọ̀ kan tó ju gbogbo ìyókù lọ. Níwájú Stop code ni ó máa ń wà, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìlà kéékèèké ló sì so ó pọ̀: MEMORY_MANAGEMENT, tàbí DRIVER_POWER_STATE_FAILURE, tàbí òmíràn. Kò pọn dandan kí ènìyàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà ni, ẹni tó mọ lẹ́tà á lè dà á kọ. Bí orúkọ fáìlì kan bá wà nísàlẹ̀ tó parí sí .sys, kí ó kọ òun náà. Bí ojú búlúù bá ń yára lọ jù, fóònù lè ya á. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, ibì kan wà nínú Windows, lábẹ́ Advanced system settings, tí wọ́n ń pè ní Startup and Recovery. Bí wọ́n bá yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart níbẹ̀, ojú búlúù á dúró títí tí ẹni tó ni ẹ̀rọ á fi kà á tán.

Ìwé eksasáìsì kan tó fún àkọsílẹ̀ yìí. Ohun mẹ́rin ni wọ́n á máa kọ sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣẹlẹ̀: ọjọ́ àti aago, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà ńlá náà, iṣẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lára, títí kan ibi tí iná ti ń wá, yálà Nẹ́pà, jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, á ní “ó kàn ń ṣe é ni.” Ẹnjiníà tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju fọ́ọ̀màtì lọ.

Ìwé náà ló máa ń fi hàn pé ohun tó dà bí àdédé kì í ṣe àdédé. RAM ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ó sì ní àyè tó pọ̀ gan-an. Bí àyè kan ṣoṣo bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì kàn án, pàápàá bó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí CorelDRAW, Chrome àti fọ́tò ìgbéyàwó papọ̀, iṣẹ́ á kún, á dé àyè tó bàjẹ́ náà, ojú á di búlúù. Ohun tó bá bọ́ sí àyè yẹn lọ́jọ́ náà ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tó máa jáde, ìdí nìyí tí RAM tó bàjẹ́ fi máa ń mú ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde: MEMORY_MANAGEMENT lónìí, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA lọ́la, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL lọ́túnla. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń jáde ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú fáìlì .sys kan náà, ọ̀nà kọjá sí ibòmíràn: àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní driver, tó ń jẹ́ kí Windows lè lo Wi-Fi, ojú ẹ̀rọ, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n ti dé e ni ó máa ń ṣẹlẹ̀, driver ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló fi ẹjọ́ sùn: ooru, iná tí kò dúró, tàbí pátákó inú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tó kú pìì láìfi búlúù hàn rárá kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí. Bátìrì tó ti rẹ̀, ṣájà tí kò wọlé dáadáa àti ooru ló sábà ń fà á, pàápàá nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n da àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì kọ sórí fláàṣì tàbí dísìkì ìta. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè nípa ohun tuntun: módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ètò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá búlúù á dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, Bill Gates ti Microsoft wà lórí pèpéle níbi ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń fi Windows 98 han gbogbo ènìyàn; bí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ṣe so skánà mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú di búlúù níwájú gbogbo èrò. Ohun tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn ni.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ń dí ihò tí láptọ́ọ̀pù fi ń mí, orí ibùsùn àti orí ìrọ̀rí sì ń dí ìyókù. Ẹ̀rọ tó ń di búlúù lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yẹ kí wọ́n ṣí, kí wọ́n gbọn fáànù rẹ̀ mọ́.

Fún RAM, Windows ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Wọ́n á tẹ mdsched sí ibi ìwádìí, wọ́n á tẹ Enter, wọ́n á sì gbà kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀ kó tún tan. Iná gbọ́dọ̀ dúró títí tó fi máa parí. Bó bá rí àṣìṣe, ọ̀rọ̀ parí, kí wọ́n pààrọ̀ RAM. Bí kò bá rí nǹkan, kò tíì dá RAM láre pátápátá. Nínú ẹ̀rọ tó ní RAM méjì, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ ṣájà àti bátìrì, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi èkejì. Àwọn láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ pátákó, tí ọwọ́ lásán kò lè yọ. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ló lè ṣe ìyẹn. Fáìlì Windows ní àyẹ̀wò tirẹ̀ náà, sfc /scannow, tí wọ́n ń tẹ̀ sínú Command Prompt tí wọ́n ṣí pẹ̀lú àṣẹ administrator. Àyè kan wà láàárín sfc àti ìlà títẹ̀ náà. Ti dísìkì ni chkdsk.

Bí ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, ní Ojú Ẹlẹ́gbà tàbí ní Computer Village ní Ìkejà, ìwé eksasáìsì náà á tẹ̀ lé e. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní ìwé NIN àti sáàtífíkéètì àwọn oníbàárà nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó wọn kúrò kí ẹ̀rọ tó jáde, torí ìsọfúnni àwọn tó finú tán wọn ni, òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ní Nàìjíríà sì wà nítorí irú rẹ̀. Ìwà kan tún wà tí kò dára tó wọ́pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ọ̀màtì kì í tíì ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú, ó lè lo ọjọ́ díẹ̀ láìdi búlúù; àwọn kan ń lo ọjọ́ díẹ̀ yẹn láti tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó pé. Olè ni. Ẹni tó mọ̀ pé RAM rẹ̀ bàjẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí owó ọjà sì fi í hàn. Ẹni tó ń rà náà gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì, kó sì fi iṣẹ́ tó wúwo dán ẹ̀rọ wò kó tó san owó.

Àtúnṣe ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó tan láìdi búlúù lórí tábìlì ẹnjiníà kò tíì fi nǹkan kan hàn. Wọ́n á padà sí ìwé eksasáìsì, wọ́n á wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó ń di búlúù, wọ́n á fún un ní iṣẹ́ yẹn gan-an, ní irú aago yẹn, lórí irú iná yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì láìsí búlúù tó láti pa àkọsílẹ̀ náà dé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ó di oṣù méjì tàbí mẹ́ta.