Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ àti Ilé Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀rẹ́

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àgbàbọ̀ ni WhatsApp jẹ́ fún wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó dákú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe ju ká máa wojú fóònù lọ. Abájọ tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan fi fẹ́ ní tiwọn, kí ẹni tó wà ní Òkè-Ìlá, ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé ara wọn. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí ẹ tó béèrè ààpù tó dára jù, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ gbogbo yín ń gbà kọjá, gbọ́dọ̀ wà ní títàn tọ̀sán-tòru. Ẹ má gbé e sí yàrá ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìlá. Ti iná kọ́ ni mò ń sọ, sólà lè bá wa yanjú ìyẹn. Síìmù tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nílé kì í sábà ní àdírẹ́ẹ̀sì tí ará ìta lè gbà wọlé. Ẹ háyà sáfà kékeré; nǹkan bíi dọ́là márùn-ún lóṣù tó o. Kí ẹni tó wà lókè òkun máa san án, torí káàdì náírà lè kọṣẹ́ níbi owó ilẹ̀ òkèèrè.

Nípa ààpù, Zulip ń to ọ̀rọ̀ sábẹ́ àkọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dùn ún lò fún ẹgbẹ́ tó ń jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú sáfà lè ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Bákan náà ni Mattermost. Ti Matrix yàtọ̀. Bí Òkè-Ìlá ṣe ní ọba tirẹ̀, Ọ̀ràngún, tí Ìlá náà ní tirẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti pínyà ní Ìlá Yàrá, tí ìyekan sì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni sáfà Matrix kọ̀ọ̀kan ṣe dá dúró tó sì ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2020 ni ààpù rẹ̀, Element, ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú sáfà kò fi lè kà á. Ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè bá a lọ. Matrix tún wúwo fún sáfà. Ẹ sì fara balẹ̀ yan orúkọ àdírẹ́ẹ̀sì yín, torí inú orúkọ oníkálukú ló ń wọ̀; yíyí i padà dà bí ìbẹ̀rẹ̀ tuntun.

Fún ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún, Snikket ni èmi yóò mú. XMPP, ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1999, ló ń lò, sáfà kékeré sì lè gbé e. (Inú ìdílé yẹn náà ni WhatsApp ti jáde: ejabberd, tó jẹ́ sáfà XMPP, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.) Snikket kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ẹni tó ń wá sítíkà aláràbarà yóò kùn.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí èèyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà náà, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun. Kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ibòmíràn, kí wọ́n sì máa gbìyànjú láti ṣí i, torí ẹ̀dà tí ẹnìkan kò ṣí wò rí, orúkọ lásán ni.

Kí èèyàn mélòó kan kọ́kọ́ lò ó fún oṣù kan, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ gbó jù wà nínú wọn, àti ẹni tó ń lo iPhone, torí ìró tó ń sọ pé iṣẹ́ dé ṣì ní láti gba ọ̀dọ̀ Apple kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí, ẹ má tíì kó ẹgbẹ́ lọ, ẹ má sì pa ti WhatsApp rẹ́.