Wọ́n Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, Wọ́n Ń Pa Làpálàpá

Àwọn àgbà ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Yorùbá yóò fi ojú rí òwe yìí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí aláìsàn ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í sábà wò ó sàn. Ohun tó lè pa á, kò ní fẹ́ ká mẹ́nu bà á. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i tá a bá kóra jọ nídìí tábìlì wa, ṣùgbọ́n ó ń dùn wá, torí àwọn tó ń tibẹ̀ kú, èèyàn wa ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ omi. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fa omi sára, ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n gbà pé agbára ló ń kán tó-tó-tó nínú ike yẹn, àti pé ẹni tí wọn ò bá fà á sí lára, wọn ò tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Omi olóṣúgà tí a sábà máa ń lò, ike mìlílítà 500, ṣúgà gíráàmù 25 ló wà nínú rẹ̀, bíi ṣíbí kékeré márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èyí tó jẹ́ oníyọ̀, iyọ̀ gíráàmù 9 ló wà nínú lítà kan. Ẹni tó lè jẹun, àmàlà àti ẹja yóò ṣe é lóore ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bì ṣáá, ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀, àwọn ló ni omi. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, omi tó fi ẹ̀bẹ̀ gbà lè lọ dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni náà sì máa mí gúlegúle.

Àwọn kan náà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi ni yóò tún pariwo tá a bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò: "Ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀ mi tán o!" Ìgò kékeré kan kì í sábà ju mìlílítà 5 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó bíi lítà 5. Ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún la mú, ara yóò sì dá a padà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá le jù láti là yé èèyàn. Bàbá kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wọ aṣọ tíátà tán, iṣẹ́ abẹ ló kàn. "Bàbá, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan ẹnu láàárọ̀ yìí?" "Rárá o, ọmọ mi. Mi ò jẹun láti alẹ́ àná." Ìyàwó wọn dá sí i: "Àfi ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n mu láago mẹ́fà, àti àkàrà méjì." Bàbá bá yíjú sí i: "Ṣé ẹ̀kọ náà loúnjẹ ni?"

Bàbá ò purọ́. Àwa náà la ń sọ ọ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fẹ́ fi kun bàbá lóorun kò mọ iyán yàtọ̀ sí ẹ̀kọ. Tí oorun yẹn bá gbé èèyàn lọ, ohun tó ń dí ọ̀nà èémí nígbà tá a bá ń gbé nǹkan mì, òun náà á sùn lọ. Ohun tó wà níkùn lè gòkè wá, kó sì ya wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, ó kéré tán, wákàtí 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí omi lásán sì dúró ní wákàtí 2 ṣáájú. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ bàbá sí ọjọ́ mìíràn. Ohunkóhun tó bá ti kọjá ahọ́n yín, ìbáà ṣe gààrí, tíì tàbí orógbó, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí a tó béèrè.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ọ́síjìn. Mo ti rí ẹbí tó yí bẹ́ẹ̀dì ká, tí wọ́n di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan yẹn sí màmá wa nímú. Ẹni tí wọ́n fi í sí lánàá, ó ti kú." Òótọ́ ni, ẹni náà kú. Ṣùgbọ́n èémí ti ń tán lọ nínú rẹ̀ kí ọ́síjìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ojú ẹbí rí kẹ́yìn ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọ́síjìn ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú lọ́jà àti nílé, ìdá 21 nínú 100 ni. Àwọn tí ásímà gbé dé lóru, tí wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba ọ́síjìn pẹ̀lú oògùn, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń ròyìn wọn ládùúgbò. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ hàn yín. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń kà tó 95 sókè; bó bá ti wá sísàlẹ̀ 90, ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ wò ó kí wọ́n tó gbé ọ́síjìn sí aláìsàn yín nímú, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn náà.

Ẹ̀tẹ̀ gan-an tí mò ń wí ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan á wá, á ní ara ń ro òun, pé abẹ́rẹ́ lòun fẹ́, torí oògùn oníhóró ò ká òun. A ó wọn ìfúnpá rẹ̀, a ó bá 190 lórí 110. Ní ilé ìwòsàn, 140 lórí 90 ti tó ohun à ń pè ní gíga. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi." Àìsàn yìí kì í sábà dun èèyàn, ibẹ̀ ló ti ń rí wa mú. Ẹlòmíràn lo oògùn oṣù kan, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní òun ti lò ó tán. Oògùn yẹn ló mú ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, yóò tún gòkè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ tí apá kan bá rọ, tí ẹnu wọ́, ẹbí á máa wá ẹni tó fi ṣe é káàkiri, nígbà tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa tó ń fi hàn pé kò padà wá gba oògùn.

Ní ti àwọn tó ń pariwo pé "èmi ni mo kọ́kọ́ dé", ẹni tí èémí rẹ̀ fẹ́ já ló ń ṣáájú ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ẹ má ṣe ka ẹni tó kọjá níwájú yín sí ẹbí nọ́ọ̀sì. Kí ẹ sì mọ̀ pé obìnrin ń ṣe dókítà, ọkùnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì: màmá kan lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, kó ní dókítà kankan ò yẹ òun wò, bẹ́ẹ̀ dókítà ni obìnrin tó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ láàárọ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà. Nọ́ọ̀sì tó bá ń jágbe mọ́ aláìsàn, irọ́ pípa ló ń kọ́ ọ. Ẹni tá a bú lẹ́ẹ̀kan torí àgbo kò ní dárúkọ àgbo mọ́, bẹ́ẹ̀ àgbo mìíràn máa ń bá oògùn wa jà lára èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá bá wa, gbogbo ohun tí ẹ ń lò, pákẹ́ẹ̀tì oògùn, ìgò àgbo, oògùn tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú ọkọ̀, ẹ kó wọn sínú lailọ́ọ̀nù kan, kí ẹ gbé e lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn.